Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bo Omi

"Ìbíyẹmí, aṣọ́mi Òkè-Àbọ̀, oòrùn ti sọnù. Dáhùn."

Ohùn Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ orí òpó, ló jí i. Ohùn irin ni, tó kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́nu àwọn àgbà kan tí wọ́n ti kú tipẹ́, tí kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí láàrin ọ̀rọ̀. Láti ìdájí ni ibà ti dá Ìbíyẹmí dùbúlẹ̀ sórí ẹní, nítorí náà ó rò pé àlá lòun ń lá. Oòrùn wo ló sọnù? Oòrùn nìyẹn lójú fèrèsé tó ń gún un lójú. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó ẹ̀wà wọlé, ìkuukùu kan kò tíì gba ojú ọ̀run kọjá.

"Oòrùn ti sọnù lórí àwo omi," ni Ẹlẹ́rìí tún wí láti orí òpó rẹ̀. "Kí ló dí i lójú? Dáhùn."

Ó dìde. Ilẹ̀ ń yí i. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yọ orí síta.

Ohun tó yẹ kó rí ni àwọn àwo dígí gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ bo orí àpáta láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí omi inú wọn kò jìn ju kó mu ènìyàn dé ọrùn ọwọ́ lọ, tí ẹfun tí wọ́n fi kun ìsàlẹ̀ wọn ń kọ mọ̀nà lábẹ́ omi. Ohun tó rí ni aṣọ. Aṣọ funfun, aṣọ àtijọ́, tí wọ́n fọ̀ tó mọ́ kedere, tí wọ́n nà láti àwo dé àwo, tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ létí kí afẹ́fẹ́ má baà ká a. Kò sí èyí tó wú, kò sí èyí tó káko. Ẹni tó tẹ́ ẹ fi ọkàn tẹ́ ẹ.

Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó tó máa ń wá kí i, dúró sí àárín wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá àgbàlá tán tó ń wo ẹwà iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n, o ti jí!" ni ìyá náà wí. "Ibà burúkú! Mo wá kí ọ, mo bá ọ nílẹ̀ tí ara rẹ ń jó bí ààrò. Mo pè ọ́, mo pè ọ́, o kàn ń ráhùn bí ọmọ ọwọ́ ni. Mo fi aṣọ tútù nu ojú rẹ. Ìgbà tí mo jáde síta ni mo rí i pé o ò bo omi. Omi tí odindi ìlú ń mu! Eruku ń fẹ́ sí i, alángbá ń sáré létí ẹ̀. Mo ní áà, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí, kò rẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ni mo bá sáré lọ kó aṣọ."

Ìbíyẹmí di òpó ẹnu ọ̀nà mú.

"Má wulẹ̀ dúpẹ́," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́ kọ́ ni mo wá gbà. Padà lọ dùbúlẹ̀."

"Ìyá," ni Ìbíyẹmí wí níkẹyìn, "ẹ̀yin lẹ bò ó?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀rọ tó ń pariwo lórí igi yìí? Aṣọ mi ni gbogbo ẹ̀, èyí tí mo gbé sá nígbà tí òkun ń wọlé bá wa. Lọ́dọ̀ wa nílé, bí a bá ti da álọ́ọ̀mù sínú omi, a kì í fi í sílẹ̀ láìbò. A ó bò ó, a ò ní dà á láàmú, títí tí yóò fi tòrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí álọ́ọ̀mù nísàlẹ̀ àwo rẹ. Mo kàn ń wò ọ́ níran ni. Mo ní àwọn ọmọ òkè yìí, wọn ò kọ́ wọn níṣẹ́ ilé."

Álọ́ọ̀mù kọ́ ni. Ẹfun oòrùn ni. Nínú òkùnkùn, ẹfun yìí kò yàtọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ lásán. Ìgbà tí oòrùn bá kàn án ló ń jí, bó bá sì ti jí, gbogbo kòkòrò tí ojú kò rí tó wà nínú omi ni yóò máa run, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní dín, tí kò ní tán. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìgbẹ́, omi tí wọ́n fi fọ ojú ọgbẹ́ nílé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ ló ń gòkè wá sórí àpáta. Omi àlọ ni wọ́n ń pè é. Iyanrìn àti èédú á kọ́kọ́ sẹ́ ìdọ̀tí tó ṣeé fojú rí kúrò nínú rẹ̀, ẹfun àti oòrùn á wá ṣe ìyókù, omi á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú padà gẹ́gẹ́ bí omi àbọ̀. Omi mìíràn kò sí. Ibi tó ń jẹ́ odò nígbà ayé àwọn bàbá wọn ti di ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbé yanrìn gbà.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ Òkè-Àbọ̀ kò fi ní jẹ́ kí òjìji ara rẹ̀ pàápàá ṣubú sórí àwo. Ní ọdún tí àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ wọ ìlú, ìdílé kan sá èlùbọ́ sórí àwọn àwo náà, nítorí pé kò síbi tí oòrùn ti mú bíi ti orí àpáta. Èlùbọ́ gbẹ. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú láì rí oòrùn, agbo ilé lọ́nà ọ̀tún àti lọ́nà òsì sì di ahoro. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé Ẹlẹ́rìí dúró lórí òpó láti máa ṣọ́ oòrùn, tí wọ́n sì ṣe òfin: ẹnikẹ́ni tó bá dí oòrùn lójú omi, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní Òkè-Àbọ̀, àtẹ́lẹwọ́ lènìyàn fi ń gba omi. O ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́, á sì bu ìpín rẹ fún ọ. Ọwọ́ tí wọ́n bá ti pa rẹ́, o lè gbé e lé ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sun ẹ̀kán kan. Ẹni tó ni ọwọ́ náà á bẹ aládùúgbò, aládùúgbò á fún un díẹ̀, títí yóò fi sú aládùúgbò. Ó di dandan kó gba ẹnubodè jáde, kó sì kọjú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó padà wá ròyìn bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣe rí.

Wọ́n ka òfin yìí fún àwọn ará etí òkun, àwọn tí òkun lé kúrò nílé, lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ẹnubodè ni wọ́n dúró sí, ẹrù lórí, ẹsẹ̀ wú, ojú ń wá ibi tí wọ́n máa sùn. Ìyá Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Ó rò pé àwọn tó ń kọ́ ilé alájà ni wọ́n ń bá wí.

"Kí ló dí oòrùn lójú?" ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ìkuukùu, èéfín, tàbí ọwọ́ ènìyàn? Alákòóso Omi ti ń gòkè bọ̀ láti gbọ́ ìdáhùn."

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ó ń ta òkúta dànù, ó ń fa aṣọ, omi ń ro tótó lára wọn.

"Kí ló dé? Kí ló dé?" ni Ìyá Àwẹ̀ró ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Èyí tí mo ṣe jẹ́jẹ́! Ṣé alángbá ló wù ọ́ kó mumi ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Oòrùn ló yẹ kó máa pa á."

"Kó máa pa omi? Oòrùn kò ní gbé e lọ tán?"

Ìbíyẹmí tún fa aṣọ mìíràn kúrò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wúwo ju aṣọ tútù lọ.

Ìyá yìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó ní. Láti ìgbà tí ìyá tó bí i lọ́mọ, tó kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ omi nínú ilé kan náà yìí, ti kú, Ẹlẹ́rìí nìkan ló ń bá Ìbíyẹmí sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, Ẹlẹ́rìí kò sì mọ ohun kan ju oòrùn àti omi lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ó sọ fún un. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí, ìyá mi ti kú." Ẹlẹ́rìí ní, "Omi ti jẹ oòrùn yó. Ṣí ìlẹ̀kùn omi." Àwọn ará ìlú ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sí ìdí ìlà pupa tí wọ́n fà sórí àpáta, wọ́n á lu irin tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì ti lọ kó tó jáde. Òfin kò sọ pé kí wọ́n má kọjá ìlà. Ẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà wọ́n, ọwọ́ tó ń kan omi àlọ.

Ìyá Àwẹ̀ró kọjá ìlà lọ́sẹ̀ tó dé ìlú. Ó ní, "Mo wá wo ibi tí omi ìwẹ̀ mi ń sùn ni o." Ó jókòó, ó wo Ìbíyẹmí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú láì bi í. "Èékánná rèé tàbí ọkọ́?" Ó yọ abẹ kékeré láti inú ìró, ó sì gé wọn fún un níkọ̀ọ̀kan. Ìbíyẹmí kò lè wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń gé e. Ó ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí tí ẹlòmíràn bá di ọwọ́ ẹni mú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí ìyá náà kì í gòkè wá, kó wá bú àpáta pé ó ga jù, kó wá sọ̀rọ̀ ẹja, kó wá sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkun báyìí pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ àti ibojì ọkọ rẹ̀.

Bí òun bá sọ òtítọ́ fún un ńkọ́? Bí òun bá ní, "Ìyá, ohun tí ẹ ṣe yìí, wọ́n máa ń pa ọwọ́ ènìyàn rẹ́ tìtorí ẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni"? Ìbíyẹmí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè yìí náà ni ẹnì kan ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ ní àdúgbò àwọn ará etí òkun, tí wọ́n mú aboyún kan tí kò mọ nǹkan kan. Ìyá Àwẹ̀ró ti àárín èrò jáde: "Ẹ fi í sílẹ̀, èmi ni mo fi agbára fà á." Wọ́n fi omi ọjọ́ náà dù ú. Ó gòkè wá sọ́dọ̀ Ìbíyẹmí pẹ̀lú ètè gbígbẹ, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá mọ̀ pé òun ṣẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rù ú. Yóò jẹ́wọ́ kí Alákòóso tó dé ìdí ìlà.

Bí òun kò bá sì sọ fún un, yóò fi ṣe fọ́ńté.

"Ìyá," ni Ìbíyẹmí wí, ó ń gbìyànjú láti mú ohùn rẹ̀ tutù, "ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀ lónìí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sinmi."

"Sinmi? Ta ló máa se àgbo fún ọ?"

"Ara mi ti ń yá."

"Ojú rẹ pupa bí epo, o ní ara rẹ ń yá. N ò níbi tí mò ń lọ. Ṣebí Alákòóso ń bọ̀? Kó máa bọ̀! Mo lọ́rọ̀ bá a sọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo lórí àpáta, bó bá kú ńkọ́, ta ló máa mọ̀? Màá sọ fún un gbangba pé bí kì í bá ṣe èmi tí mo bá wọn bo omi wọn lónìí, ìdọ̀tí ni wọn ì bá mu."

Ìbíyẹmí tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó bá òun lọ wo bóyá oúnjẹ ti dé ìdí ìlà. Ìyá ní òun rí ìdí ìlà láti ibí, oúnjẹ kankan kò sí níbẹ̀. Ó ní kó bá òun já ewé wá nísàlẹ̀. Ìyá ní ewé wà nínú àpò òun. Gbogbo ọ̀nà tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa lè gbà lé àgbà lọ láì lé e lọ ni Ìbíyẹmí gbà, gbogbo rẹ̀ já sí pàbó.

Alákòóso Omi, bàbá kan tó ń jẹ́ Olúgbodì, yọ sókè pẹ̀lú èémí bíi ti ewìrì. Nígbà tó dé ìdí ìlà pupa, ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó gbé e lélẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọlé kí òjìji rẹ̀ lè ṣubú sórí àpáta, kó má kan àwo. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé síbí," ló wí, ó ń nu ọrùn, "ẹ ò rántí àwọn tó sanra. Ìbíyẹmí, kí ló dé? Gbogbo ìlú ló wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Wọ́n ní oòrùn sọnù. Èmi sì ń wo oòrùn yìí kan náà, ó ń yan mí bí àgbàdo."

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni Ìbíyẹmí wí, ó kúnlẹ̀.

"Alákòóso, ẹ kúu gígòkè o!" ni Ìyá Àwẹ̀ró gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú, ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. "Ó dára tí ẹ yọjú fúnra yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹnì kan ṣe fún ìlú yín lónìí. Nígbà tí ọmọ yìí dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, èmi ni mo..."

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́!"

Ìbíyẹmí gbọ́ ohùn náà kó tó mọ̀ pé ohùn òun ni. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí iná bá ń jó òrùlé tí àgbà sì ń sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó sọ pé iná. Kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà rí láyé rẹ̀. Ó dìde dúró.

"Ojoojúmọ́, ojoojúmọ́! Ẹ ó wá jókòó tì mí, ẹ ó máa da ọ̀rọ̀ ìlú tó ti rì bò mí. Ta ló ránṣẹ́ pè yín? Ṣé mo bẹ̀ yín ni? Ẹ ò jẹ́ kí n sùn, ẹ ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin Omígbéwá yìí, ibikíbi tí omi bá gbé yín dà sí, ẹ ó ti sọ ọ́ di ilé yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀! N ò fẹ́ rí yín níbí mọ́."

Omígbéwá. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fi ń bú wọn nídìí ẹ̀rọ nìyẹn. Ìyá Àwẹ̀ró ti sọ fún un rí, lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, pé òun lè fara da ebi, òun lè fara da òùngbẹ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń jẹ́ kó dà bíi pé òun kò ní ìyá, òun kò ní bàbá, pé òun kàn jẹ́ igi tó léfòó. Ìdí tí Ìbíyẹmí fi mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹnu ìyá náà ṣì là, níbi tí ọ̀rọ̀ ti já. Ó wo Ìbíyẹmí lójú. Kò pẹ́, ó gbé ojú kúrò lójú rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ náà tó ti gé èékánná fún.

"Ibà ni, Ìyá," ni Alákòóso wí, ojú ń tì í. "Ẹ má kà á sí. Ibà ló ń sọ̀rọ̀."

"Ibà kọ́," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ibà kò lè kọ́ ọ ní orúkọ yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa. Ó dáa náà."

Ó yí padà. Kò bèèrè aṣọ rẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn àwo kọjá láì wo ẹ̀yìn, ó kọjá ìlà, orí rẹ̀ sì ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, títí tí àpáta fi gbé e mì. Ìbíyẹmí fi eyín tẹ ètè. Bó bá pè é padà báyìí, gbogbo rẹ̀ ti di asán.

Alákòóso mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tútù náà, ó gbé e súnmọ́ imú.

"Aṣọ ta ni?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Tìrẹ. Ó ń rùn káńfọ̀. Ọmọdé wo ló ń fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ?"

"Ti ìyá mi ni."

"Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ìyá rẹ," ni bàbá náà wí. "Gbogbo aṣọ rẹ̀ la sin mọ́ ọn, nítorí iṣẹ́ tó ṣe. Má gbàgbé pé mo mọ̀." Ó wo ojú ọ̀nà tí arúgbó náà gbà lọ, ó wo Ìbíyẹmí, ó sì rọra gbé aṣọ náà lélẹ̀ bí ohun tó lè fọ́. "Gbọ́. Mo ti dàgbà, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi ohun tí màá ní láti sọ fún Ìgbìmọ̀. Èmi kọ́ ni wàá dá lóhùn. Ẹlẹ́rìí ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbà lórí ẹjọ́ kan. Bó bá ti gbà á tán, ẹni tó bá tún wá sọ òmíràn ti sọ ẹni àkọ́kọ́ di onírọ́, wọ́n á sì pa ọwọ́ àwọn méjèèjì rẹ́. Ṣé o gbọ́ mi? Rò ó kó o tó la ẹnu."

"Mo ti rò ó, Bàbá."

Alákòóso kẹ̀yìn sí i, ó ń wo ìlú.

"Kí ló dí oòrùn lójú?" ni Ẹlẹ́rìí wí, bí ẹni tí kò bi í rí.

"Ọwọ́ ènìyàn ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ Ìbíyẹmí, aṣọ́mi. Ibà mú mi, mo sì fi aṣọ bo omi."

"Mo gba ọ̀rọ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Wọn kì í pa ọwọ́ aṣọ́mi rẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà tàbí tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́ ni wọ́n máa ń fún un. Wọn á gbé ìlà pupa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpáta, okùn ni wọ́n á máa fi fa oúnjẹ rẹ̀ gòkè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gòkè tọ̀ ọ́ tàbí kó bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn yẹn títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Alákòóso ló sọ ọ́ fún un lẹ́nu, nítorí pé òun lẹni ìkẹyìn tó láṣẹ láti bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un. Ó ní, "Mu àgbo." Ó gbé agboòrùn rẹ̀, ó sì lọ.

Ìbíyẹmí ká aṣọ tó kù. Oòrùn wọ inú omi, ẹfun jí, àwọn àwo náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mọ̀nà. Omi òní kò ní jẹ oòrùn yó kó tó di ọ̀la. Ìlú yóò sùn pẹ̀lú òùngbẹ, wọ́n á sì máa fi í bú. Kò dùn ún. Ohun tó ń fetí sí yàtọ̀ sí ìyẹn.

Gbogbo ẹ̀rọ omi tó wà ní ìlú ló ní ẹnu tí Ẹlẹ́rìí ń gbà sọ̀rọ̀, òfin sì ni pé kí gbogbo ìlú gbọ́ ìdájọ́ omi. Nígbà tí ohùn náà jáde, láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ó dà bíi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbà òkú ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ìbíyẹmí, aṣọ́mi, fi aṣọ bo omi. Ó dí oòrùn lójú. Ẹ̀rọ ì bá pa ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ bí kò bá ṣe aṣọ́mi. Ìdákẹ́ ni ìdájọ́ rẹ̀."

Ìbíyẹmí sún mọ́ etí àpáta, ó wo ìsàlẹ̀. Èrò ń tú ká nídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ń lu ara wọn. Láàrin wọn, ẹnì kan kò rìn. Ìyá Àwẹ̀ró ti fẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, nígbà tí ohùn náà bá a. Lẹ́yìn náà ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà, ó gbé ojú sókè.

Ó jìnnà. Ìbíyẹmí kò lè mọ ohun tó wà lójú náà. Ó rí i tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkánjú rìn bọ̀ síhà òkè, ọwọ́ rẹ̀ ń fò lójú òfuurufú, ó ń sọ̀rọ̀. Ó rí Alákòóso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, tó na ọwọ́ dá a dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyá náà nawọ́ sí orí àpáta, ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i. Alákòóso ń mi orí. Ó tẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sì sọ ohun kan tó gùn, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè níwájú rẹ̀, ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì, ó pa méjèèjì dé. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ ìyá náà wá sí ilẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́.

Àwọn ọkùnrin méjì gbé ọ̀dà wá, wọ́n fa ìlà tuntun sí ẹsẹ̀ àpáta. Ìyá Àwẹ̀ró wà lódì kejì rẹ̀.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Àpáta gbóná débi pé ó ń jó o lórúnkún, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó tẹrí ba bí ọmọ tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bóyá ẹni tó ń bẹ̀ ń wò ó, bóyá kò wò ó, kò mọ̀. Òfin sọ pé kò sí ọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ariwo kẹ́ẹ̀gì fi dákẹ́ pátápátá, tí kò ku ohun kan tó ń dún lórí òkè àfi afẹ́fẹ́.

Nígbà tó gbé orí sókè, gbogbo èrò ti lọ. Ìyá Àwẹ̀ró kò tíì lọ. Ó ti kẹ̀yìn sí àpáta pátápátá, bí àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kéékèèké kúrò lódì kejì ìlà, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní kan ọ̀dà tútù náà. Ó tú ọ̀já orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ó sì jókòó.